Ọbẹ̀ kọ́rì gidi ní alẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀: ibo ni a ó lọ?

Olùkọ́ Parakin (Ọjọ́ Ajé, aago 7:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n wa kan, tí a jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó kọjá sí ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ wá sílé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́kànlá sì ti pinnu láti gbé e jáde lọ jẹun ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Mo rò pé iyán ni yóò béèrè, nítorí pé ohun tí ẹni tí ó bá ti òkè òkun dé sábà máa ń béèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í léèrè lórí fóònù, ó ní ilé ìyá òun ni òun yóò ti jẹ iyán títí yóò fi sú òun. Ọbẹ̀ kọ́rì ni òun fẹ́ bá wa jẹ, irú èyí tí òun àti àwọn ará ibi iṣẹ́ òun máa ń lọ jẹ ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì lọ́hùn-ún, kí àwa náà lè mọ ohun tí òun ti ń ròyìn fún wa láti ọjọ́ yìí wá.

Ìṣòro mi ni pé n kò mọ ibi tí a ti lè rí irú rẹ̀ ní Ifẹ̀. Mo mọ àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n kọ kọ́rì sí ara pátákó wọn, mo sì ti jẹ ẹ́ ní méjì nínú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé wá fún mi kò ju omi ẹran adìyẹ tí wọ́n da lẹ́búlẹ́bú rúsúrúsú sí lọ.

Nínú wa, ẹnì kan kì í jẹ ẹran rárá, méjì jẹ́ Mùsùlùmí tí wọn kì í jẹ ẹran tí wọn kò bá mọ ẹni tí ó dúńbú rẹ̀, ẹnì kan sì ní ọgbẹ́ inú tí kì í jẹ́ kí ó lè jẹ ata. Ẹnìkọ̀ọ̀kan àwa mọ́kànlá yóò dá 8,000 náírà, àlejò wa kò ní dá kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni ẹ̀yin ì bá lọ, báwo ni ẹ sì ṣe máa ń mọ ibi tí ó dára kí ẹ tó kó ènìyàn lọ síbẹ̀?

Ọmọ Ìrémọ (Ọjọ́ Ajé, aago 8:05 alẹ́)

Ẹ kú ètò, sà. Èmi yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ ńlá tí ó wà lójú títì láti Lágéré títí dé Mayfair. Iná wọn kì í kú, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́, ẹ ó sì rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Bí kọ́rì wọn kò bá tilẹ̀ rí bí ti Birmingham, ìrẹsì díndín àti adìyẹ kò ní wọ́n yín. Bí ènìyàn bá jáde ní alẹ́, ibi tí ó jókòó sí ṣe pàtàkì bí ohun tí ó jẹ.

Ìjẹ̀ṣà Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 8:31 alẹ́)

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ wọ ọkọ̀, ẹ máa bọ̀ ní Iléṣà, ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ìyá kan wà lẹ́yìn ọjà Àtakúnmọ̀sà tí odó rẹ̀ kì í sinmi títí ilẹ̀ fi ń ṣú. N kò ní parọ́ fún yín, kọ́rì kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ jẹ iyán Ìjẹ̀ṣà yóò gbàgbé pé ìlú kan wà tí ó ń jẹ́ Birmingham.

Olùkọ́ Parakin (Ọjọ́ Ajé, aago 8:44 alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí n máa bọ̀ láti Iléṣà ní aago mẹ́wàá alẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tí a yá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè mú dé iwájú ìyàwó mi.

Ìyá Alásè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:20 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń se oúnjẹ tà ní ìlú yìí, láti ìgbà tí mo ti wà ní Sábó títí mo fi kó wá sí Òkè-Ìtàsẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa tí a wà nídìí iná mọ̀, tí oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí.

Oúnjẹ ọ̀sán ni oúnjẹ Ifẹ̀. Alásè tí ọwọ́ rẹ̀ dùn máa ń dáná ní aago márùn-ún òwúrọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́, àwọn awakọ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá sì fi lù, ìkòkò rẹ̀ ti dojú dé. Ó ti lọ sílé. Ẹni tí ẹ bá wá bá ní aago mẹ́jọ alẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì kúlà méjì, ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí ìrẹsì náà kò fi tán. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè é ni, èyí sì dára. Ó sì lè jẹ́ pé òwúrọ̀ ni ó ti wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn onímọ̀ ìlera ń pè ní Bacillus cereus máa ń bá ìrẹsì wá láti oko, sísè kì í sì í pa irúgbìn rẹ̀ tán. Bí ìrẹsì bá wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, kòkòrò náà yóò pọ̀ sí i, yóò sì tú májèlé sínú rẹ̀, bí a bá sì tún gbé ìrẹsì náà ka iná, iná kì í ba májèlé yẹn jẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwa olóúnjẹ pé ohun tí a bá fẹ́ tà ní gbígbóná gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé kí oúnjẹ sísè má ṣe jókòó kalẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ. Àpótí onígíláàsì tí wọ́n tan gílóòbù kan sí, tí ẹ máa ń rí ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé oúnjẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi oúnjẹ hàn ni, wọn kò mú un gbóná.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ó dára, ẹ lọ síbẹ̀ ní wákàtí kan náà gan-an tí ẹ fẹ́ kó ènìyàn lọ, ní ọjọ́ mìíràn ṣáájú, kí ẹ ra oúnjẹ díẹ̀. Ẹ wo bóyá ooru ń jáde lára rẹ̀. Ẹ béèrè alásè, kí ẹ má ṣe béèrè ọ̀gá; bí wọ́n bá ní alásè ti lọ sílé, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín.

Ní ti kọ́rì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: ìgbà wo ni ó ń bu kọ́rì sọ́bẹ̀? Ẹni tí ó bá ní nígbà tí ó kù díẹ̀ kí òun sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ nǹkan mìíràn níbẹ̀. Kọ́rì tútù nínú omi ọbẹ̀ máa ń korò, a sì máa rùn bí eruku. Inú òróró gbígbóná ni ó ti ń yọ òórùn rẹ̀, lẹ́yìn àlùbọ́sà, kí ata tó wọlé.

Ọmọ Ìrémọ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:12 àárọ̀)

Mo gbọ́, mà, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti Birmingham dé, ṣé inú bùkà tí ẹ̀fọn ń kọrin ni a ó mú un lọ?

Àbọ̀ Birmingham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:30 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjíròrò. Mo gbé ìlú náà fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó padà sí Modákẹ́kẹ́, mo sì lè sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n yín ní lọ́kàn. Ọmọ Ìrémọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ìlú dẹ́rù bà yín. Nínú àwọn ibi tí kọ́rì ti dùn jù ní Birmingham, ọ̀pọ̀ wà tí tábìlì wọn kò ju tábìlì bùkà lọ, tí wọ́n fi gíláàsì bo ojú rẹ̀, tí wọ́n sì ki ìwé tí a kọ orúkọ oúnjẹ sí sábẹ́ gíláàsì náà. Púpọ̀ nínú wọn kì í tilẹ̀ ta ọtí; ẹni tí ó bá fẹ́ mu ún yóò rà á wá láti ìta.

Kọ́rì kì í ṣe orúkọ oúnjẹ kan ṣoṣo. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè sọ ni pé inú ọ̀rọ̀ Tamil kan, kari, ni ó ti wá, èyí tí í ṣe ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ ìrẹsì. Àwọn Òyìnbó ni wọ́n wá sọ ọ́ di orúkọ fún gbogbo ọbẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà àti àyíká rẹ̀, bí ìgbà tí àjèjì kan bá dé Ifẹ̀ tí ó sì ń pe ẹ̀gúsí, ilá, ewédú àti gbẹ̀gìrì ní orúkọ kan náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún: ọmọ Íńdíà kan, Sake Dean Mahomed, ti ṣí ilé oúnjẹ sí London láti ọdún 1810. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé kọ́rì òde òní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti àwọn ará Bangladesh, pàápàá àwọn tí wọ́n wá láti agbègbè Sylhet.

Ti Birmingham yàtọ̀ díẹ̀. Balti ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Pakistan tí ń gbé ní àdúgbò Sparkbrook àti Sparkhill ni wọ́n sì sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká láàárín àwọn ọdún 1970. Agbada irin fẹ́lẹ́ kékeré kan ni wọ́n ti ń sè é lórí iná ńlá, kíákíá, wọn yóò sì gbé agbada náà fúnra rẹ̀ wá síwájú oníbàárà nígbà tí ọbẹ̀ ṣì ń hó nínú rẹ̀. Náánì, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọ́n á máa fi ọwọ́ já a, wọ́n á máa fi bu ọbẹ̀. Ẹ rí i pé kò jìnnà sí bí àwa ṣe ń jẹun.

Fún ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n bu ọbẹ̀ Madras tàbí vindaloo fún un. Ata ni baba wọn. Korma ni kí ẹ béèrè, wàrà kíkan tàbí omi àgbọn àti ẹ̀pà òyìnbó ni a fi ń sè é, kì í ta rárá bí alásè bá mọ̀ ọ́n sè. Fún ẹni tí kì í jẹ ẹran, mo ní àbá kan tí ó ń dùn mọ́ mi nínú láti ọjọ́ tí mo ti dé. Àwọn ará Íńdíà ní irú wàrà kan tí wọ́n ń pè ní paneer, ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi mú un dì. Àwọn Fúlàní tí ń kiri wàrà ní ìlú wa ń lo omi ewé bọ̀mùbọ̀mù. Àwọn méjèèjì kì í yọ́ nínú ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ din wàrà Fúlàní díẹ̀ nínú òróró, ẹ sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ kọ́rì, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹlẹ́ran kò ní máa yọ ojú wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó kù: ẹ má ṣe wọ aṣọ funfun lọ. Ata ilẹ̀ pupa tí ó ń fún kọ́rì ní àwọ̀ kì í fi aṣọ sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìpele Kẹrin (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:15 ọ̀sán)

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ní àyíká ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, oúnjẹ máa ń wà títí ilẹ̀ fi ń ṣú dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń jẹ́ sísè lójú ẹni, nítorí pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ kì í jẹun ní àsìkò. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹ ó gbádùn ibẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá fẹ́ bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ ó ní láti pariwo ju orin lọ.

Baba Ìlódè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:50 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ Ìyá Alásè ni mo dì mú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo mú àwọn àna mi lọ sí ilé oúnjẹ kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé iná ara pátákó rẹ̀ ń tàn yòò bí ti ọdún Kérésì. A jókòó fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí oúnjẹ dé, ẹran adìyẹ náà gbóná lẹ́yìn, yìnyín sì wà nínú egungun rẹ̀. Bàbá ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé abọ́ náà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó rọra tì í síwájú, ó sì béèrè omi. Títí di òní, bí mo bá ní kí a jáde, ìyàwó mi á ní ṣé ibi omi yẹn ni.

Ṣùgbọ́n mo ní àtakò kan. Ẹ ń sọ ti ata bí ẹni pé ti Íńdíà ni. Ata ti pẹ́ nínú ọbẹ̀ wa.

Àbọ̀ Birmingham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:22 alẹ́)

Baba, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ yẹn. Ní ti ata, kì í ṣe ti wa, kì í sì í ṣe tiwọn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Àwọn Pọtogí ni wọ́n gbé ata dé etíkun wa, tí wọ́n sì gbé e dé Íńdíà pẹ̀lú, lẹ́yìn ọdún 1492. Orúkọ vindaloo tí mo dá lẹ́ẹ̀kan, èdè Pọtogí ni wọ́n ti mú un, ní Goa. Kí ata tó dé, iyèré àti ataare ni ó ń ta nínú ọbẹ̀ tiwa, ata dúdú ni ó ń ta nínú tiwọn, mọ̀lẹ́bí kan náà sì ni iyèré àti ata dúdú yẹn. Bí alásè yín bá gún iyèré díẹ̀ sínú kọ́rì, ẹ má ṣe rò pé ó ṣìṣe.

Ìyá Alásè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:40 alẹ́)

Olùkọ́, bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ, n kò ní wá ilé oúnjẹ alẹ́ mọ́. N ó wá alásè ọ̀sán tí ọwọ́ rẹ̀ dùn, n ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí bùkà rẹ̀ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. A máa ń ṣe é fún àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí kò mọ̀ ni kì í béèrè. Ẹni méjìlá kì í ṣe èrò kékeré, owó yín sì tó: 88,000 náírà ni ẹ ó kó jọ.

Àdéhùn rẹ̀ nìyí. Ẹ san ìdajì owó sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ó lè fi raja. Ẹ má ṣe san gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ iye ènìyàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yí padà. Adìyẹ mẹ́ta ni kí ẹ ní kí ó rà, lóòyẹ̀, kí Mùsùlùmí sì dúńbú wọn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí a bá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ, mẹ́rìnlélógún ni yóò jẹ́, méjì méjì yóò kan àwọn mọ́kànlá tí ń jẹ ẹran, méjì tí ó kù á sì jẹ́ ti àwọn agbáwo. Ọbẹ̀ korma àti ti wàrà gbọ́dọ̀ ní ìkòkò tiwọn àti ṣíbí tiwọn, nítorí pé ṣíbí kan tí ó bá ti inú ọbẹ̀ ata bọ́ sínú korma ti ba iṣẹ́ jẹ́. Kí ó gbé ìrẹsì kaná nígbà tí ẹ bá pè é pé ẹ ti ń bọ̀, kì í ṣe ṣáájú. Kí ẹ sì bá a wá jẹnẹrétọ̀ tí kì í pariwo, kí ẹ fi owó epo rẹ̀ sínú ìṣirò.

Ohun tí ẹ fi lè yan alásè náà ni ata díndín rẹ̀. Àwọn tí ń se kọ́rì gidi máa ń din àlùbọ́sà àti ata títí òróró yóò fi lé sókè. Ohun tí ìyá tiwa fi kọ́ wa kò yàtọ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti din ata fún ọbẹ̀ lásán kò lè ní i fún kọ́rì.

Ọmọ Ìrémọ (Ọjọ́rú, aago 8:00 àárọ̀)

Mà, ẹ ti ṣẹ́gun mi. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni n kò tíì fi sílẹ̀. Ẹ rí i dájú kí ẹ tó sanwó.

Olùkọ́ Parakin (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:15 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti lọ sí ibi mẹ́ta láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ ròyìn.

Èkíní wà lójú títì, ó mọ́ tónítóní. Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo ní kí wọ́n bu kọ́rì fún mi. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi dé, èyí nìkan sì ti tó láti fu mí lára. Ìrẹsì náà kò tutù, kò sì gbóná. Ó wà bí omi tí a fẹ́ fi wẹ ọmọ. Mo béèrè alásè. Ọmọbìnrin agbáwo náà, tí ó jẹ́ ọmọ dáadáa tí kò sì mọ irọ́ pa, ní alásè ti lọ láti aago márùn-ún. Ní ibì kejì, oúnjẹ gbóná, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn mí, wọ́n sì wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí mo fi jẹun tán.

Ìkẹta ni bùkà kan ní ìsàlẹ̀ Ìlódè, tí Baba júwe fún mi. Aago méjì ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ata ń díndín lórí iná, òróró ti lé e lórí, ìyá náà sì jókòó tì í bí ẹni tí ń ṣọ́ ọmọ jòjòló. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Kò dá mi lóhùn. Ó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, ó mú agolo kọ́rì rẹ̀, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì sọ pé, “Èyí ti pẹ́, òórùn rẹ̀ ti lọ.” Ó rán ọmọ rẹ̀ kí ó lọ ra tuntun, kí ó sì bá òun ra àjó tútù, ìyẹn ata ilẹ̀ pupa, àti kànáfùrù. Ìgbà náà ni ó wá bi mí pé èèlòó ni mo fẹ́ ná. Mo san ìdajì owó lójú ẹsẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, Ọmọ Ìrémọ, ó ní omi, ó sì ní ìlẹ̀kùn tí ń tì.

Àbọ̀ Birmingham ti ṣe ìlérí pé òun yóò lọ bá a ní Ọjọ́rú láti fi hàn án bí wọ́n ṣe ń se Balti.

Àbọ̀ Birmingham (Ọjọ́rú, aago 8:30 alẹ́)

Mo lọ, èmi ni ó kọ́ ẹ̀kọ́. Mo ní kí ó din àlùbọ́sà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní irú àlùbọ́sà wo ló ń jinná ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dín in fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, títí ó fi di pupa tí ó sì ń rùn bí oyin. Èmi ni mo ní kí ó lọ àjó tútù, aáyù àti ata ilẹ̀ pọ̀ lórí ọlọ. Òun ni ó ní kí a kọ́kọ́ yan kànáfùrù àti iyèré nínú agbada gbígbẹ. Ìyẹ̀fun náánì nìkan ni kò fẹ́ gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. A fi wàrà kíkan àti yíìsì pò ó, a sì yan án nínú agbada tí kò ní òróró, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ le bí awọ bàtà. Ìkẹrin ṣeé jẹ.

Ìjẹ̀ṣà Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ (Ọjọ́rú, aago 9:02 alẹ́)

Ẹ ṣì lè pè mí. Iyán kì í le bí awọ bàtà.

Olùkọ́ Parakin (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 11:50 àárọ̀)

A lọ, a sì bọ̀. Òjò rọ̀ ní aago méje àbọ̀, nítorí náà aago mẹ́jọ kọjá kí àwa méjìlá tó pé. Ìyá náà kò gbé ìrẹsì kaná títí mo fi pè é láti ìta, gẹ́gẹ́ bí a ti jọ sọ ọ́, ìdúró náà kò sì dùn mọ́ àwọn tí ebi ti ń pa láti ọ̀sán. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbada kéékèèké náà dé, tí ọbẹ̀ ń hó nínú wọn, ẹ̀gbọ́n wa kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó já náánì, ó fi bu ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sì ní kì í ṣe ti Birmingham. Gbogbo wa dákẹ́. Ó tún bu ọ̀kan, ó ní ti Birmingham kò ní iyèré nínú, ó sì ṣeni láàánú.

Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú jẹ korma rẹ̀, ó sì sùn láìsí wàhálà. Ní ti wàrà, òótọ́ ni ohun tí Àbọ̀ Birmingham sọ: àwọn ẹlẹ́ran gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a tìtorí rẹ̀ sè é. Náánì kò tó, àwa mẹ́rin fi ìrẹsì parí rẹ̀. Àṣìṣe mi tí ó tóbi jù ni pé n kò bá ẹnikẹ́ni ṣètò ọkọ̀ ìpadàbọ̀. Ní aago mẹ́wàá àbọ̀ lẹ́yìn òjò, kò sí kẹ̀kẹ́ Màrúwá kankan ní Ìlódè, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó pààrà ẹ̀ẹ̀mẹta kí gbogbo wa tó délé.

Ìbéèrè kan ló kù. Ẹ kìlọ̀ fún wa nípa aṣọ funfun, n kò gbọ́. Àbàwọ́n rúsúrúsú kan wà ní igbá àyà dàńṣíkí mi, ó tó ojú ọwọ́. Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́?

Ìyá Alásè (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 12:20 ọ̀sán)

Ẹ kú oríire, ọmọ mi. Fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, kí o sì sá a sínú oòrùn gbígbóná fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Oòrùn ni ó ń lé àwọ̀ ata ilẹ̀ pupa lọ. Ohunkóhun tí ìwọ ì báà ṣe, má ṣe fi ọṣẹ dúdú kàn án. Eérú tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sọ àbàwọ́n náà di pupa fòò.

Olùkọ́ Parakin (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 12:26 ọ̀sán)

Mà, ọṣẹ dúdú ni ìyàwó mi fi fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ó ti ń bi mí léèrè láti ìgbà náà pé ta ni mo bá jà.